Kambili Kò Gbéra Ga, Ẹ̀rù Bàbá Ló Ń Bà Á

Ẹ̀yin òbí Tápà àti Ìbàràpá méjèèje, ẹ gbọ́ ti Kambili o! Ọmọ ọdún 15 ni nínú Purple Hibiscus, ìwé ìtàn àròsọ tí Chimamanda Ngozi Adichie gbé jáde lọ́dún 2003.

Ní Enugu, Eugene bàbá rẹ̀ lówó, ó sì lawọ́ sí ará ìta. Àmọ́ tó bá wọlé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mí. Àkókò ìwé kíkà, oorun, àdúrà, gbogbo rẹ̀ ló kọ sílẹ̀ fọ́mọ. Kambili bá bàbá àgbà tó ń ṣẹ̀sìn ìbílẹ̀ gbé ilé kan náà, ni bàbá bá da omi gbígbóná sí i lẹ́sẹ̀!

Bí wọ́n bá ti jáde níléèwé, eré ló ń sá lọ bá dírẹ́bà, kí bàbá má baà gbọ́ pé ó pẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní agbéraga ni. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rù ló dì í lẹ́nu. Ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Nsukka, níbi tọ́mọdé ti ń sọ tẹnu ẹ̀, ló ti wá kọ́ ẹ̀rín.

Ẹ ò rí nǹkan? Ọmọ tí bàbá pa lẹ́nu mọ́ nílé, ta ni yóò bá sọ̀rọ̀ níta? Bí a bá fọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ẹ jẹ́ ká fi tòsì fà á mọ́ra.