Àwòrán Balógun Obìnrin Dahomey

Ní Ìjọ́n, lẹ́bàá Agége, níbi tí J. P. L. Davies dá oko kòkó sí, ni ó gbé òkúta gíga kan ró ní ìrántí aya rẹ̀, Sarah Forbes Bonetta, ẹni tí ó kú ní Madeira ní oṣù kẹjọ ọdún 1880. Ọwọ́ tí ó ya àwòrán obìnrin yí ní èwe rẹ̀, òun náà ni ó ya balógun obìnrin kan ní Dahomey. Nípa èkejì yí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀.

Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Bonetta, ni ayàwòrán náà. Ní ọdún 1849 àti 1850 ni ó lọ sí Àbọ̀mẹ̀ láti rọ Ọba Gezo kí ó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Ní ayé ìgbà náà, yíyà àwòrán jẹ́ apá kan iṣẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ogun. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń ya etíkun àti odi ìlú.

Nínú ìwé tí Forbes tẹ̀ jáde ní ọdún 1851, a rí Seh-Dong-Hong-Beh ní ìdúró, ìbọn gígùn ní ọwọ́ kan, orí ènìyàn ní ọwọ́ kejì. Kì í ṣe ojú ìlà Forbes gan-an ni a ń rí níbẹ̀, nítorí oníṣẹ́ ìtẹ̀wé ti tún un yà sára òkúta kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ kíyèsí ìbọn náà. Àwọn kan tí ń ròyìn ogun Abẹ́òkúta ti ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851, nínú èyí tí àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun, a máa wí pé ọ̀kọ̀, ọfà àti idà nìkan ni àwọn obìnrin Dahomey mú wá. Àwòrán yí ta ko ọ̀rọ̀ wọn.

Orí ọwọ́ kejì ni kì í jẹ́ kí a lè wo ojú obìnrin náà pẹ́. A rò pé bẹ́ẹ̀ ni Forbes fẹ́ ẹ, nítorí ọ̀tá òwò ẹrú ni. A kò dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, ohun tí a yà láti fi gbe ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀ kò lè fi gbogbo ìwà ẹni hàn.

Nínú ìwé kan náà ni àwòrán Sarah wà. Ọmọ Ẹ̀gbádò ni. Ogun Dahomey ni ó kó o ní Òkè-Ọ̀dàn ní ọdún 1848, Gezo sì fi í lé Forbes lọ́wọ́ ní ọdún 1850 bí ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin Victoria. Balógun náà di orúkọ tirẹ̀ mú nínú ìwé. Ẹrú ni ó ń jẹ́ orúkọ ayàwòrán àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, àwọn ni a sì gbẹ́ sára òkúta Ìjọ́n.