Kí ni ọmọ fẹ́ lọ kọ́ nídìí kọ̀ǹpútà?



Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní Kétu, lẹ́yìn tí a parí ẹ̀kọ́, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń kàwé lọ́dọ̀ wa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Gàrí ni wọ́n ń tà. Ọmọbìnrin wọn ti gba ìwé-ẹ̀rí BAC, ó sì ti mú orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga méjì wá sílé. Ọ̀kan wà ní Kútọnu. Iṣẹ́ rédíò àti fídíò ni wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀. Èkejì wà ní Àjàṣẹ́; bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ okòwò ni wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀.

Ìyá náà ní, “Olùkọ́, owó gàrí ni n ó fi san án. Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an? Àbí wọ́n kàn ń tẹ bọ́tìnnì ni?”

N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán dá wọn lóhùn. Mo ní kí àwọn àti ọmọ wọn wá sí ọ́fíìsì wa ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n sì mú ìwé ìṣírò ọjà wọn lọ́wọ́.

Nínú kọ̀ǹpútà, ojú ìwé ìṣírò kan wà tí àwọn elédè Faransé ń pè ní tableur. Excel ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Ó pín sí yàrá kéékèèké bí afárá oyin. Àwọn ìlà tó dúró ní lẹ́tà: A, B, C. Àwọn ìlà tó dùbúlẹ̀ ní nọ́ńbà: 1, 2, 3. Nítorí náà, yàrá kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀: B2 ni yàrá tó wà lábẹ́ B, ní ìlà kejì. Bí mo bá kọ =SOMME(B2:B31) sínú yàrá kan, ẹ̀rọ náà yóò ro gbogbo iye tó wà láti B2 dé B31 pọ̀. Bí mo bá tún ọ̀kan ṣe nínú wọn, àròpọ̀ náà yóò yí padà fúnra rẹ̀.

Dan Bricklin, ará Amẹ́ríkà, ni ó ro irú èyí fún kọ̀ǹpútà kékeré. Ní 1978, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ okòwò ní yunifásítì Harvard. Bí olùkọ́ bá ṣi iye kan kọ sójú pátákó, ó di dandan kí ó nu àwọn iye mìíràn tó tẹ̀lé e, kí ó sì tún wọn kọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bricklin rò ó pé ẹ̀rọ lè gba wàhálà náà ṣe. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bob Frankston, ṣe é, wọ́n sì gbé e jáde ní 1979 pẹ̀lú orúkọ VisiCalc. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi rọ́bà pa ojú ìwé ìṣírò yín rẹ́ títí ó fi ya, ẹ mọ ohun tí ọkùnrin náà ń sá fún.

Ọmọ náà ni mo jẹ́ kí ó tẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ ń ka ìwé sókè. Àpò gàrí kan ń ná wọn ní 13 000 fàráǹkì kí ó tó kúrò nílé. Wọ́n ń tà á ní 18 000 ní Kútọnu, ní 16 500 ní Ìpòbẹ́. Lójú ìwé, Kútọnu ló lérè: 5 000 lórí àpò kan, nígbà tí ti Ìpòbẹ́ jẹ́ 3 500. Ìdí nìyí tí ìyá fi ń jí ní ìdájí lọ sí Kútọnu.

Ọmọ náà gbójú sókè. “Ìyá mi, owó ọkọ̀ dà?”

Kò sí nínú ìwé. Ìyá mọ̀ ọ́n lórí, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Owó ọkọ̀, owó aláàárù àti owó ìjókòó lọ́jà jẹ́ 3 000 lórí àpò kan ní Kútọnu, 700 ní Ìpòbẹ́. Ọmọ ṣí ìlà tuntun, ó tẹ̀ wọ́n sí i. Lójú ẹsẹ̀, èrè yí padà: Kútọnu, 2 000, Ìpòbẹ́, 2 800.

Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. “Ọdún mẹ́ta gbáko,” ni wọ́n wí.

Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ẹ̀rọ ló béèrè owó ọkọ̀. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ọkọ̀ wà láyé. Ohun tí a bá kọ fún un ni ó ń rò. Bí a bá gbé irọ́ fún un, yóò ro irọ́ náà láìṣì. Mímọ irú ìbéèrè tí ọmọ yẹn béèrè ni ẹ̀kọ́ okòwò tó yẹ kí a sanwó fún.

Iṣẹ́ rédíò ńkọ́? Láti ìgbà tí òfin ọdún 1997 ti ṣílẹ̀kùn fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n aládàáni nílẹ̀ Benin, iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ìjọba nìkan mọ́. Bí a ti ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ súnmọ́ ẹnu, tí a sì ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ sí atẹ́gùn, kò pẹ́ẹ́ mọ̀. Èyí tó le ni montage, ìyẹn gígé ohùn àti títò ó pọ̀. Àgbàlagbà kan lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, kí rédíò ní ìṣẹ́jú mẹ́ta péré fún un. Ká ní ó sọ pé: “Èmi yóò ta ilẹ̀ náà bí gbogbo ẹbí bá fọwọ́ sí i.” Bí ọmọ iṣẹ́ bá gé e lẹ́yìn “ilẹ̀ náà”, ìjà ti dé nínú ilé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ohùn àgbàlagbà náà ni gbogbo ìlú gbọ́.

Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó jáde nínú ẹ̀kọ́ méjèèjì kò lè fi kọ̀ǹpútà kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì. Bọ́tìnnì Faransé ni wọ́n mọ̀. Lọ́wọ́ wọn, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè àti ọkọ̀ tó ń kó gàrí ti di ọ̀kan náà.

Mo sọ ìtàn tèmi fún ìyá. Nígbà tí mo kúrò ní yunifásítì, mo sanwó sí ilé kan tí wọ́n kọ “Informatique” gàdàgbà sára ògiri rẹ̀. Àwa 14 ló jókòó yí ẹ̀rọ kan ká. Oṣù mẹ́ta ni a fi kọ orúkọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ sínú ìwé. Wọ́n fún mi ní ìwé-ẹ̀rí tó ń dán. N kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ.

Nítorí náà mo ní, “Ìyá, ẹ lọ fúnra yín, ní ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ ń lọ. Ẹ ka ẹ̀rọ, ẹ ka akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ti jáde hàn yín. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìjọba, kí ọmọ yín kà á sókè kí ẹ gbọ́. Ẹ béèrè iye owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́tọ̀, iye owó ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀.”

Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Àjàṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ṣí ìwé ìṣírò wọn hàn mí. Wọ́n ti kọ ọ́ sí ojú ewé tuntun pé: ẹ̀rọ 12; èyí tí wọ́n fi aṣọ bò, 5; èyí tó ń ṣiṣẹ́, 7; akẹ́kọ̀ọ́, 15. Wọ́n ti kọ owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọn kò tíì pinnu. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò lọ wo ti Kútọnu.