Ẹ̀yin òbí, gbogbo ọmọ tó sanra kọ́ lara ẹ̀ le o!

Bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bá rí rọ̀bọ̀tọ̀, ohun táwọn ará àdúgbò máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ìyá ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀!" Bó bá rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọ́n á ní ebi ń pa á nílé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ o.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé lọ́dún 1990, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 19, bíi 8 ló sanra jù. Nígbà tó fi máa di ọdún 2022, wọ́n ti di 20. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè tètè kó sọ́wọ́ àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Kí ló fà á? Ẹ wo Èkó. Ìdájí lọ̀pọ̀ òbí ti ń jáde nílé nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ta ló fẹ́ ráyè ro ẹ̀fọ́? Indomie ló yá jù, wọ́n á wá ki bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú báàgì ọmọ. Bí iléèwé bá parí, lẹ́sìnnì ló kàn. Bó bá délé, wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí gbọ́mọgbọ́mọ, ó di ìdí tẹlifíṣàn àti fóònù. Bẹ́ẹ̀ WHO ní ó kéré tán, wákàtí kan lójúmọ́ ló yẹ kọ́mọ fi máa sáré, kó máa fò.

Èyí tó tún wá burú jù ni èébú. "Orobo" níléèwé, "orobo" nílé! Èébú kì í mú ọmọ fọn. Ìtìjú ló ń kó bá a. Á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun níkọ̀kọ̀, kò sì ní fẹ́ bá ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣeré mọ́.

Ẹ má febi pa á o, ó ṣì ń dàgbà. Àwọn ọmọ mìíràn máa ń sanra díẹ̀ kí wọ́n tó ga. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó bá wọn gíga àti ìwọ̀n ẹ̀ ló lè mọ èyí tó pọ̀ jù, kì í ṣe ojú aládùúgbò.

Gbogbo ilé ni kó yí padà, kì í ṣe ọmọ nìkan. Ẹ jẹ́ kí omi rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ fún wọn ní ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́, ọsàn àti ìbẹ́pẹ. Bàbá tó ń mu ẹlẹ́rìndòdò tutù níwájú ọmọ tó ní kò gbọ́dọ̀ mu ún, ta ló ń tàn? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.