Ẹ Jẹ́ Kí Á Dá Páálí Àwo Padà Fún Orin Wa

Ojú mi ni ó ṣe ní ìsọ̀ aláṣọ kan ní ọjà Ìkòtún. Orin àpàlà ń dún láti inú fóònù ìyá onísọ̀, orí gbogbo wa sì ń mì sí i. Ni ọmọ rẹ̀ bá béèrè pé, "Mọ́mì, ta ni ó ń kọrin yìí?" Ìyá ní Haruna Ìṣọ̀lá ni. Bàbá kan tí ó wá ra àǹkárá ní, "Rárá o, Ìyá Aláṣọ, Àyìnlá Ọmọwúrà ni." Wọ́n wo ojú fóònù kí ó lè bá wọn parí rẹ̀, "Track 07" ni wọ́n bá níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ìpolówó àwọn tí wọ́n gbé orin náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo kúrò níbẹ̀, àríyànjiyàn náà kò tíì parí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Páálí àwo ni ilé tí à ń wò fún orin láyé àwọn bàbá wa. Ojú rẹ̀ ni a ti ń rí olórin, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń ka àkọlé orin. Nọ́ńbà ni a tilẹ̀ fi ń pe ọ̀pọ̀ nínú àwo Ọmọwúrà; bí páálí bá sọnù, ta ni yóò mọ èyí tí í ṣe èwo?

Àwòrán ara páálí pàápàá ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1974, Lemi Ghariokwu, ọmọ Èkó tí ó kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ àwòrán, ya páálí àwo "Alagbon Close" fún Fẹlá Aníkúlápó-Kuti. Ó ya Fẹlá tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti já, ó sì ya ẹja ńlá tí ó ń dojú ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá dé. Kí abẹ́rẹ́ tó kan àwo, ẹni tí ó rà á ti mọ ohun tí orin náà dá lé. Páálí 26 ni ó yà fún Fẹlá.

Orin inú fóònù náà lè ní páálí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá àyè fún orúkọ nínú fáìlì MP3 ní ọdún 1996, àyè náà kéré, lẹ́tà 30 péré ni orúkọ olórin lè gbà. Ní ọdún 1998 ni wọ́n mú un gbòòrò tí ó fi gba àwòrán.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà orin yín sí ibòmíràn, kí àṣìṣe má baà mú un lọ. Ẹ nu eruku ara páálí àwo, ẹ tẹ́ ẹ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ta sí, kí ẹ sì yà á láti òkè gangan; ẹ má tan iná fóònù, nítorí dídán rẹ̀. Ẹ gé etí àwòrán kí ó dọ́gba níbùú lóròó. Ẹ ya ẹ̀yìn páálí pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni àwọn orúkọ wà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Mp3tag lórí kọ̀ǹpútà, ẹ mú gbogbo orin àwo kan pọ̀, ẹ kọ orúkọ olórin, orúkọ àwo àti ọdún rẹ̀, ẹ fi àwòrán sí i, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ má lo àwòrán tí ó tóbi jù: bí ó bá jẹ́ 300 KB, tí orin sì jẹ́ 10, 3 MB ni yóò gbà, nítorí orin kọ̀ọ̀kan ni yóò gbé tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé orin sínú fóònù fún àwọn ènìyàn ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, ọjà tí ó ní orúkọ ni oníbàárà ń padà wá rà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ní kí àwọn ọmọ ya páálí tí ó wà nílé bàbá wọn àgbà kí ikán àti òjò tó bá a jẹ́. Àwọn àgbà tí wọ́n gbọ́ ohùn tí wọ́n sì lè dárúkọ olórin ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò yẹ kí "Track 07" jẹ́ ìdáhùn fún ọmọ tí ó béèrè ẹni tí ó kọrin.