Ìjì Ojú Òfúrufú àti Ẹ̀rù Èrò Inú Bàlúù

Nígbà tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ewì tàbí ìtàn-àròsọ ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi, nítorí pé òun ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun láti ọjọ́ pípẹ́. N kò ní ṣàì fọwọ́ kan ìyẹn bí a bá ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà ní ọkàn mi lónìí ni ẹ̀rù tí ó máa ń ba ènìyàn nínú ọkọ̀ òfúrufú nígbà tí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́: ibi tí ẹ̀rù náà ti ń wá, ohun tí ó ń mú wa sọ, àti bóyá ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù gan-an ni a ń bẹ̀rù.

Ìdímù ni mo ń gbé, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó bá mọ Èkó yóò mọ̀ pé ìlú Àwórì yìí kò jìnnà sí pápákọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Ìhà ìlà-oòrùn wa ni ó wà, kò sì tó kìlómítà 10 bí ẹyẹ bá fò ó tààrà. À ń gbọ́ bàlúù nígbà tí ó bá ń lọ, à ń gbọ́ ọ nígbà tí ó bá ń bọ̀. Ó ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í gbójú sókè mọ́, àfi bí òjò bá ṣú. Bí òjò bá ṣú tí ìró ẹ́ńjìnì sì wà lókè, àwọn àgbà àdúgbò a dákẹ́ díẹ̀ títí ìró náà yóò fi kọjá. Ìtàn wà nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, ọkọ̀ òfúrufú àwọn ológun, irú èyí tí à ń pè ní Hercules C-130, gbéra ní Ìkẹjà, kò sì pẹ́ tí ó fi já sínú àbàtà ní Èjìgbò, tí ó múlé gbè wá. Àwọn ọ̀gá ológun tí wọ́n ṣì wà ní àgbà ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kú. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mo jẹ́ nígbà náà. Kì í ṣe ìjì ni ó fà á, ẹ́ńjìnì ni ó kọṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìró bàlúù ti yàtọ̀ létí àwa ará Ìdímù.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, mo ń bọ̀ láti Àbújá, níbi tí mo ti lọ ṣe ìpàdé kan. Ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó gbéra ní agogo mẹ́ta ọ̀sán kò gbéra. Wọ́n ní ìjì ń jà ní Èkó. A wo ojú ọ̀run Àbújá, oòrùn ń ràn yòò; kò sí ẹni tí ó gbà wọ́n gbọ́. Nígbà tí ó di agogo márùn-ún, ariwo sọ. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún yín pé èmi ni aṣáájú àwọn aláriwo. Mo lọ bá ọmọdébìnrin tí ó jókòó sídìí tábìlì wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá-ńlá bá a wí. Ó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sà, pílọ́ọ̀tì ló ní ká dúró." Mo ní kí ó lọ pe pílọ́ọ̀tì náà wá kí ó wá rí oòrùn. Àwọn èrò yòókù pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ti lo ẹ̀bùn ọ̀rọ̀ sísọ ní ọ̀pọ̀ ibi láyé mi. N kò tíì lò ó ní ibi tí ó tì mí lójú tó ibẹ̀.

Agogo mẹ́fà kọjá kí a tó gbéra. Fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, gbogbo nǹkan tòrò. Lẹ́yìn náà iná tí ó ní kí a de bẹ́líìtì tàn, òde sì ṣókùnkùn bí ẹni pé wọ́n da aṣọ dúdú bo fèrèsé. Bàlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bí ọkọ̀ akẹ́rù lórí ọ̀nà tí ó kún fún kòtò. Lójijì ó já wálẹ̀, inú mi sì kù sókè. Ife omi ẹnì kan kọlu àjà. Mànàmáná kọ, a sì rí ojú ara wa.

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn èyí ni ó jẹ́ kí n rò pé ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn kan ń ké pe Jésù, àwọn kan ń ké pe Ọlọ́run Allah, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti lè rò. Ṣùgbọ́n obìnrin oníṣòwò tí ó jókòó tì mí, tí ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé díákónì ni òun nínú ìjọ wọn, kò pe Jésù. Ìyá rẹ̀ tí ó ti kú ni ó ń pè, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sùn. Bàbá arúgbó kan ní apá kejì ń ki oríkì ìdílé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sáré, kò sì fo ibì kankan, bí ẹni tí ó ń ka orúkọ àwọn tí òun ń lọ bá. Èmi tí mo ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní oríkì, n kò rántí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú tèmi. Pílọ́ọ̀tì wá bá wa sọ̀rọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ojú ọjọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dára, kí a fara balẹ̀. Gbogbo ohun tí ó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A sọ̀kalẹ̀ sí Èkó. Mo rí iná ilé díẹ̀ lábẹ́ wa, wọ́n tún pòórá. Láìròtẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnì bú ramúramù, imú bàlúù sì gbé sókè pátápátá. Gbogbo wa kígbe, nítorí a rò pé ó ti dé. Ó yí po, ó tún gbìyànjú, ó tún gòkè padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó gbé wa lọ sí Ìlọrin.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn náà sílẹ̀ síbẹ̀ ná, kí n sọ ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ìtìjú mú mi lọ ka ìwé tí kì í ṣe ti iṣẹ́ mi.

Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń jọba lórí ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti orí òkun wá, ó tutù, ó rù omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, ó gbẹ, òun ni à ń pè ní ọyẹ́. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ń lọ sókè-sódò pẹ̀lú oòrùn láàárín ọdún. Nígbà tí ooru ọ̀sán bá gbé afẹ́fẹ́ olómi sókè, ó ń di òkìtì ìkúùkuu tí orí rẹ̀ lè ga ju kìlómítà 15 lọ, nígbà tí ó ṣe pé kìlómítà 10 sí 12 ni ọkọ̀ èrò sábà máa ń fò. Nítorí náà kò sí bí pílọ́ọ̀tì yóò ṣe fo orí irú rẹ̀. Àfi kí ó yà á sílẹ̀. Àwọn ìjì ńlá wa, èyí tí ó máa ń le jù láti oṣù kẹta dé ìkarùn-ún, tí ó sì tún ń padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, láti ìlà-oòrùn ni wọ́n ti ń rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ní ìlà gígùn bí ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi lè máa ràn ní Àbújá nígbà tí Èkó ń jìyà.

Ìgbọ̀nrìrì tí ó ń pa wá láyà lókè kì í sábà pa bàlúù lára. A ṣe ìyẹ́ rẹ̀ kí ó lè tẹ̀, bí ẹ̀ka igi ọ̀pẹ ṣe ń tẹ̀. Ẹni tí kò de bẹ́líìtì ni ó wà nínú ewu: ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọkọ̀ Singapore Airlines tí ó ń ti London bọ̀ já wálẹ̀ lójijì lókè Myanmar, èrò kan kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ balẹ̀ sí Bangkok. Mànàmáná ńkọ́? Ó pa ènìyàn 81 nínú ọkọ̀ Pan American ní Elkton, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1963, nígbà tí ó tan iná sí atẹ́gùn epo inú ìyẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti tún ọ̀nà ìṣe ọkọ̀ ṣe. Lónìí, bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mànàmáná ń sán lu ọkọ̀ èrò kọ̀ọ̀kan, àpá jíjó kékeré ni ó sì sábà máa ń fi sílẹ̀ lára irin rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù wà nítòsí ilẹ̀. Ẹ da omi garawa kan sórí ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́: omi náà yóò kọlu ilẹ̀, yóò sì tàn ká sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni afẹ́fẹ́ tútù ṣe ń já bọ́ láti inú ìjì. Bàlúù tí ó bá wọ inú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pàdé ẹ̀fúùfù tí ń fẹ́ wá sí i lójú, tí ó sì ń gbé e. Pílọ́ọ̀tì a rò pé agbára ti pọ̀ jù, a sì dín in kù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ẹ̀fúùfù náà ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yìn ni ó ti ń fẹ́ sí i, agbára tí ó gbé ìyẹ́ dúró a sì lọ. Bí ó bá wà lókè fíofío, àyè wà láti tún un ṣe. Nítòsí ilẹ̀, kò sí àyè.

Kánò wà lára ibi tí ayé ti kọ́kọ́ san owó ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1956, ọkọ̀ Argonaut ti BOAC tí ó ń lọ sí London gbéra ní Kánò nígbà tí ìjì wà nítòsí. Ẹ̀fúùfù yí padà lójijì, ó sì kọlu igi. Nínú ènìyàn 45, 32 ni ó kú. Ọdún 19 gééré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1975, ọkọ̀ Eastern Air Lines kan já ní New York bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ìjì, ẹni tí ó kú sì ju 110 lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tetsuya Fujita, ọmọ Jàpáánì tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Chicago, ni ó ṣàlàyé rẹ̀. Ó ti rí bí bọ́ǹbù ṣe wó àwọn igi kalẹ̀ ní Nagasaki ní 1945, bí ìtànṣán tí ó tàn ká láti ojú kan. Nígbà tí ó rí irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú igbó tí ìjì wó ní Amẹ́ríkà, ó mọ̀ pé ohun kan ti ti òkè já bọ́. Àwọn kan kò gbà á gbọ́ ní àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo tiwa. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2005, ọkọ̀ Sosoliso tí ó ń ti Àbújá bọ̀ sọ̀kalẹ̀ sí Port Harcourt nínú òjò àti ẹ̀fúùfù líle. Ènìyàn 110 ni ó gbé. Ẹni 2 ni ó yè. Nǹkan bí 60 nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ìwé Loyola Jesuit tí ń lọ sílé fún Kérésìmesì. Ohun tí àwọn olùwádìí kọ ni pé àwọn awakọ̀ náà ń sọ̀kalẹ̀ lọ nígbà tí wọn kò tíì rí ilẹ̀ pápákọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2006, ọkọ̀ ADC gbéra ní Àbújá, ó ń lọ sí Sókótó. Ẹni 105 ni ó wà nínú rẹ̀, Sultan Muhammadu Maccido sì wà lára àwọn 96 tí ó kú. Àkọsílẹ̀ ìwádìí sọ pé awakọ̀ pinnu láti gbéra sínú ojú ọjọ́ tí a ti mọ̀ pé ó burú. Ti Bellview tí ó já ní Lísà ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2005, tí ènìyàn 117 kú, ìjì wà lójú ọ̀run ní alẹ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí kò rí ẹ̀rí tí ó tó láti fi dá ohunkóhun lẹ́bi, n kò sì ní dá a lẹ́bi.

Ẹ ti rí ohun tí ó so méjì àkọ́kọ́ pọ̀. Ìjì irú èyí kì í sábà ju wákàtí kan tàbí méjì lọ lórí ibì kan. Ẹni tí ó bá dúró dè é, tàbí tí ó bá gòkè padà nígbà tí kò rí ilẹ̀, yóò gbé èrò rẹ̀ délé. N kò sọ pé yíyà sí ibòmíràn kò ní ewu tirẹ̀. Ọkọ̀ Boeing 707 tí ó ń kó àwọn alálàájì bọ̀ láti Jeddah ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1973, tí ojú ọjọ́ Èkó lé lọ sí Kánò, Kánò náà ni ó ti já nínú ẹ̀fúùfù, ènìyàn 176 sì kú. Ṣùgbọ́n ìpinnu láti dúró ni ààbò tí ó tóbi jù tí a ní, òun náà sì ni ohun tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì mi gbógun tì ní Àbújá.

Nísinsìnyí mo lè padà sí ọ̀rọ̀ èdè. Àwọn baba wa mọ ìjì. Wọ́n ní ẹ̀fúùfù, wọ́n ní ìjì, wọ́n ní àjà. Wọ́n fún èyí tí ń ká òrùlé lọ ní orúkọ ènìyàn, wọ́n pè é ní Ọya, kí ẹnu lè bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ní egbé, tí ó ń gbé ènìyàn kúrò nínú ewu ní ìṣẹ́jú kan. N kò sì tíì gbọ́ ìtàn egbé kan tí ẹni tí ó lò ó ti dúró de ojú ọjọ́. Bóyá ibẹ̀ ni àìnísùúrù wa ti wá. Onímọ̀ ẹ̀rọ, ní tirẹ̀, ní iye àti ìwọ̀n. Èrò inú bàlúù kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó jókòó sí àárín, wọ́n sì sọ fún un ní èdè àjèjì pé ojú ọjọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dára. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kéré ju ohun tí à ń sọ lọ, olùgbọ́ ni yóò fi ikú dí àlàfo rẹ̀. Ká ní pílọ́ọ̀tì wa ti sọ ní Yorùbá, ní Haúsá, àti ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ìjì wà níwájú wa, yóò gbọ̀n wá fún ìṣẹ́jú 15, ìyẹ́ kò ní ṣẹ́; bí n kò bá rí ilẹ̀, n ó gòkè padà, ẹ ó gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnì, Ìlọrin ni a ó sì lọ," ìwọ̀nba ni a ó kígbe mọ. Iṣẹ́ àwa olùkọ́ èdè ni láti kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. N kò mọ ìdí tí a fi ń fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní Ìlọrin, àwọn èrò tún ká pílọ́ọ̀tì mọ́, wọ́n ní kí ló dé tí kò balẹ̀ sí Èkó. Wọ́n ń wò mí pé kí n dìde sọ̀rọ̀. N kò dìde. Nígbà tí wọ́n tú ká, mo lọ bá a. Ọmọ Yorùbá ni, kò lè ju ẹni ọdún 35 lọ, ife omi sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Mi ò rí ilẹ̀, sà." Mo ní kí ó ṣeun. Ó wò mí bí ẹni pé ẹnì kankan kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi sọ fún mi pé òun gbọ́ bàlúù kan tí ó sọ̀kalẹ̀ nínú ìjì, tí ó tún gòkè padà, lẹ́ẹ̀mejì, àti pé òun kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Mo ṣàlàyé fún un ohun tí gígòkè padà jẹ́. Ní ọdún tí ó kọjá, òjò kan ṣú ní Ìdímù ní àkókò oúnjẹ alẹ́. A gbọ́ ọkọ̀ kan tí ó ń bọ̀, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnì rẹ̀ bú ramúramù, ìró rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà. Àwa méjèèjì dákẹ́. "Bàbá Dúpẹ́," ni ó wí, "ó ti gòkè padà. Ó ti ń lọ Ìlọrin nìyẹn." Ó sì bu ọbẹ̀ sí i fún mi.