Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọlidé, ọ̀dà àti àwọn ọ̀dọ́ Òṣogbo

Ṣé ọmọ yín fẹ́ fi ọlidé yàwòrán? Ẹ má bá a wí; àkókò díẹ̀ lè sọni di ayàwòrán. Ní 1964, ní ilé àṣà Mbari Mbayo tí òṣèré Dúró Ládípọ̀ dá sílẹ̀ ní Òṣogbo, ayàwòrán Georgina Beier kó ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì fáwọn ọ̀dọ́ tí púpọ̀ wọn ò kọ́ iṣẹ́ ọnà nílé ìwé rí. Ọjọ́ mélòó kan péré ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tó wà lọ́kàn oníkálukú ni Georgina ní kó yà. Jimoh Buraimoh, ọ̀kan lára wọn tó ń bójú tó iná orí ìtàgé Ládípọ̀, di ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán. Nínú wọn, Twins Seven-Seven, oníjó, ni mo fẹ́ràn jù: iwin àti ẹranko kún àwòrán rẹ̀ fọ́fọ́. Ní 2005, UNESCO fi í joyè Oníṣẹ́ Ọnà fún Àlàáfíà.