Kí Ọmọ Wa Tó Yan Kọ́lẹ́ẹ̀jì: Ẹ Jẹ́ Ká Ṣírò Owó Náà Dé Ọjọ́ Ìkẹ́kọ̀ọ́jáde

Bí ọmọ yín bá wà ní kíláàsì kọkànlá tàbí ìkejìlá, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti gba gbogbo ilé. Lẹ́tà ń wọlé lójoojúmọ́, ọmọ ń dárúkọ ìlú tí a kò dé rí, àwọn ẹbí sì ń pè láti ilé pé, "Dókítà wa ńkọ́?" Ìdí nìyí tí a fi ya ojú ewé ọrọ̀ ajé yìí sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà.

Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ mú lọ. Iye tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan máa ná wa ni gbogbo owó tó máa jáde lápò òbí àti ọmọ, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ tí ọmọ máa wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ilé tó bá ṣe ìṣirò yìí kó tó fọwọ́ sí ìwé máa mọ ibi tó ń lọ. Ilé tí kò bá ṣe é lè wá mọ̀ ní ọdún kẹrin, nígbà tí owó bá tán tí ọmọ kò sì tíì jáde.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣe JAMB. Ní Nàìjíríà, ọmọ tó bá fẹ́ ṣe dókítà tàbí lọ́yà lè ti ilé-ìwé girama bọ́ tààrà sínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà náà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó fẹ́ ṣe dókítà máa kọ́kọ́ gba dígírì àkọ́kọ́, ọdún mẹ́rin nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ó tún máa ṣe ìdánwò MCAT, kó tó lo ọdún mẹ́rin ní ilé-ìwé ìṣègùn, kó tún tó lo ó kéré tán ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ nílé ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí residency. Lọ́yà náà máa gba dígírì àkọ́kọ́ kó tó lo ọdún mẹ́ta ní ilé-ìwé òfin.

Ẹ wá wò ó: bí a bá ná gbogbo owó wa, tí a sì jẹ gbèsè lórí dígírì àkọ́kọ́, kí la máa fi ṣe èkejì? Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2025 ti tún fi ìwọ̀n sí owó tí ìjọba àpapọ̀ máa yá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní ilé-ìwé ìṣègùn àti ilé-ìwé òfin láti oṣù keje ọdún 2026: $50,000 lọ́dún, kò sì gbọdọ̀ ju $200,000 lápapọ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ọ̀nà òun jìn yẹ kó ṣọ́ owó rẹ̀ lò. Yunifásítì ìpínlẹ̀ fún dígírì àkọ́kọ́ kò dí ọ̀nà ilé-ìwé ìṣègùn fún ẹnikẹ́ni tí máàkì rẹ̀ bá dára.

FAFSA: ẹ kún un, ẹ má sanwó fún un

FAFSA ni fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ fún ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Òfin ní kó jáde, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá lọ́dọọdún, ìwé owó orí ọdún méjì sẹ́yìn ló sì ń wò. Fọ́ọ̀mù ọdún ẹ̀kọ́ 2026 sí 2027, owó orí ọdún 2024 ló ń lò.

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé, "Owó tí à ń gbà ti pọ̀ jù, wọn ò ní fún wa ní nǹkan kan." Ẹ kún un bẹ́ẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń wo fọ́ọ̀mù yìí kí wọ́n tó pín owó tiwọn, ọmọ kò sì lè yá owó ìjọba àpapọ̀ láìkún un. Fún ilé tí owó rẹ̀ kò pọ̀, Pell Grant wà níbẹ̀, owó tí a kì í dá padà. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ $7,395 fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026.

Àwọn nǹkan mélòó kan tó kan irú ilé wa:

• Ìwé ọmọ ni wọ́n ń wò. Ọmọ tó bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí tó ní green card lè kún un, kódà bí ìwé bàbá tàbí ìyá kò bá tíì pé. Òbí tí kò ní nọ́ńbà Social Security náà lè ṣí àkáǹtì kó fi kún apá tirẹ̀.

• Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ méjì bá wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n máa ń pín owó tí wọ́n retí lọ́wọ́ òbí sí méjì. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, ìyẹn ti dópin. Ẹ̀yin òbí ìbejì, àti ẹ̀yin tí ọmọ yín tẹ̀lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí, ẹ tètè múra sílẹ̀.

• Nínú $100 tó bá wà ní báńkì lórúkọ ọmọ, fọ́ọ̀mù náà máa ka $20 mọ́ owó tí ilé lè san. Bó bá jẹ́ orúkọ òbí ni, kì í ju $5.64 lọ. Nítorí náà, bí a bá kó àjọ tí a sì fẹ́ fi í pamọ́ fún ẹ̀kọ́ ọmọ, orúkọ òbí ló yẹ kó wà, tàbí kí a fi í sínú àkáǹtì 529 tí òbí ni.

• Owó tí à ń fi ránṣẹ́ sí Ìyá nílé lóṣooṣù, fọ́ọ̀mù náà kò yọ ọ́ kúrò nínú owó tó ń wọlé fún wa. Àwa fúnra wa la gbọ́dọ̀ rántí rẹ̀ bí a bá ń ṣírò ohun tí apá wa ká.

Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ òbí lẹ́yìn ọdún owó orí tí wọ́n wò, tàbí tí owó ilé ìwòsàn ńlá bá wọlé, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, kí ẹ fi ẹ̀rí sí i. Wọ́n ní àṣẹ láti tún ìṣirò yín ṣe.

Bí a ṣe ń ka lẹ́tà owó

Kí ọmọ tó kọ̀wé sí ilé-ìwé kan rárá, ẹ lọ sí ojúlé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 2011 ni òfin ti ní kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ fi net price calculator síbẹ̀. Ẹ fi iye tó ń wọlé fún yín sí i, yóò sọ iye tó ṣeé ṣe kí ilé yín san. Nígbà mìíràn, ilé-ìwé tí owó rẹ̀ dà bí èyí tó ga jù lè wá rọ̀ ju ti ìtòsí lọ, nítorí ó ní owó tirẹ̀ láti fi ran ọmọ lọ́wọ́.

Bí lẹ́tà ìgbaniwọlé bá wá dé, ẹ gbé ìwé funfun kan sílẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ìnáwó ọdún kan: owó ilé-ìwé, ibùgbé, oúnjẹ, ìwé, ọkọ̀ àti inṣọ́ránsì ìlera. Ẹ yọ ẹ̀bùn nìkan kúrò, èyíinì grant àti sikọ́láṣíìpù. Ẹ má yọ ẹ̀yáwó kúrò, nítorí gbèsè kì í ṣe ẹ̀bùn.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká sọ pé ìnáwó ilé-ìwé kan jẹ́ $62,000 lọ́dún, wọ́n sì fún ọmọ ní ẹ̀bùn $38,000. Ó ku $24,000. Lẹ́tà náà wá kọ ọ́ pé ọmọ lè yá $5,500, òbí lè yá $18,500 nípasẹ̀ Parent PLUS, nísàlẹ̀ pátápátá wọ́n kọ $0. Ojú lẹ́tà dùn, ṣùgbọ́n $24,000 wà lọ́rùn ilé náà.

Ẹ ṣe é dé ọdún kẹrin, ká sọ pé owó ilé-ìwé kò gbẹ́sẹ̀ sókè rárá. $24,000 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ $96,000. Ìwọ̀n tí ìjọba àpapọ̀ ń yá ọmọ tó ṣì wà lábẹ́ òbí ni $5,500 lọ́dún kìíní, $6,500 lọ́dún kejì, àti $7,500 lọ́dún kẹta àti ìkẹrin: $27,000 nìyẹn. Ó ku $69,000 fún òbí. Òfin ọdún 2025 tí a mẹ́nu kàn sì sọ pé, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2026, òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá Parent PLUS kò gbọdọ̀ yá ju $20,000 lọ́dún lórí ọmọ kan, tàbí $65,000 lápapọ̀. Ó dín $4,000, ọdún tí ọmọ máa jáde gan-an ló sì máa dín. Báńkì ni ilé náà máa sáré lọ bá nígbà yẹn, èlé báńkì sì lè le.

Ẹ má gbàgbé pé orúkọ òbí ni Parent PLUS wà. Bí ọmọ kò bá ríṣẹ́, òbí ló máa san án. Òbí tó ti lé ní àádọ́ta ọdún gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé, bí òun bá fẹ̀yìn tì, kí lòun máa fi san án?

Ká wá sọ pé lẹ́tà kejì ti yunifásítì ìpínlẹ̀ dé: ìnáwó $29,000, ẹ̀bùn $9,000. Ó ku $20,000 lọ́dún, $80,000 ní ọdún mẹ́rin. Bí ọmọ bá lè máa tilé lọ, tí $12,000 ibùgbé àti oúnjẹ sì kúrò níbẹ̀, $8,000 ló kù lọ́dún, $32,000 lápapọ̀. Oúnjẹ ilé àti owó ọkọ̀ yóò wà lórí ẹ, ṣùgbọ́n ẹ fi wé $96,000.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò náà wà, bíi Montgomery College ní Maryland tàbí Houston Community College ní Texas, níbi tí ọmọ ti lè fi owó díẹ̀ ṣe ọdún méjì kó tó bọ́ sí yunifásítì. Àwọn kan nínú wa ń tijú rẹ̀ nítorí ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wa lóde àríyá pé, "Níbo lọmọ yín wà?" Orúkọ yunifásítì tí ọmọ bá parí sí ló máa wà lórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ohun tó yẹ ká béèrè lọ́wọ́ yunifásítì náà ṣáájú ni pé kíláàsì wo ni wọ́n máa gbà, kí iṣẹ́ ọdún méjì má bàa ṣòfò. Ẹ wo ohun tí ìpínlẹ̀ yín ń ṣe pẹ̀lú: Georgia ti ń fi owó lọ́tìrì ìpínlẹ̀ san HOPE Scholarship láti ọdún 1993 fún ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá tó 3.0.

Ẹ ṣọ́ra fún early decision. Ọmọ tó bá fi ìyẹn kọ̀wé ti ṣèlérí pé òun á wá bí wọ́n bá gba òun. Kò ní lè dúró fi lẹ́tà owó wé ara wọn títí di ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún tí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń retí ìdáhùn.

Méjìlá kò tó, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni

Àwa tí a kàwé nílé mọ ohun tí ìdádúró ìkẹ́kọ̀ọ́jáde jẹ́. Ní ọdún 2022 nìkan, ìyanṣẹ́lódì ASUU gba oṣù mẹ́jọ. Níbí, ọdún karùn-ún kì í pariwo kó tó dé.

Dígírì àkọ́kọ́ sábà máa ń gba kírẹ́díìtì 120. Fún ìrànwọ́ ìjọba, ọmọ tó bá gba 12 ní sẹ̀mẹ́sítà kan ni wọ́n kà sí akẹ́kọ̀ọ́ kíkún, ọmọ á sì sọ fún wa pé, "Mọ́mì, full-time ni mo wà." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n 12 ní sẹ̀mẹ́sítà mẹ́jọ jẹ́ 96. Ó ku 24, èyíinì odindi ọdún kan sí i. Kí ọmọ tó lè jáde ní ọdún mẹ́rin, 15 ló gbọ́dọ̀ máa gbà. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, iye kan náà ni wọ́n ń gbà fún 12 àti 15. Nínú àpẹẹrẹ wa àkọ́kọ́, ọdún karùn-ún jẹ́ $24,000 ó kéré tán, ọmọ sì pàdánù owó oṣù ọdún kan tí ì bá ti máa gbà. Pell Grant pàápàá kì í ju sẹ̀mẹ́sítà 12 lọ fún ẹnì kan.

Ohun mìíràn tó ń fa ọdún karùn-ún ni yíyí ẹ̀kọ́ padà lẹ́yìn ọdún kejì, jíjá kíláàsì sílẹ̀, àti iṣẹ́ àṣekún tó pọ̀ jù. Nígbà mìíràn àwa òbí ló fà á, bí a bá ti ọmọ sí ẹ̀kọ́ tí kò bá a mu. Ọmọ tó lo ọdún méjì àbọ̀ nínú kẹ́mísírì nítorí bàbá rẹ̀, tó wá bọ́ sí ìṣirò owó, ti ná owó ilé náà lẹ́ẹ̀mejì.

Èsì ọmọ, ta ló ni ín?

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya òbí lẹ́nu. Òfin kan tí wọ́n ń pè ní FERPA ti wà láti ọdún 1974. Ó ní bí ọmọ bá ti pé ọdún 18 tàbí tó ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ló ni àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwa la ń sanwó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kì í fi èsì han òbí láìjẹ́ pé ọmọ fọwọ́ sí i. Bí a bá dúró di ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ kí a tó béèrè, ìjà ló máa dà. Kí ọmọ tó kó ẹrù jáde nílé ni kí ẹ ti fẹnu kò pé a máa jọ wo èsì ní ìparí sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, àti pé bí kíláàsì kan bá ń le, kó tètè sọ, a kò ní pariwo.

Ìbéèrè tí òbí àti ọmọ máa jọ dáhùn

1. Lẹ́yìn ẹ̀bùn, èló ló kù lọ́dún? Èló ni lọ́nà mẹ́rin?
2. Èló ni ọmọ máa jẹ ní gbèsè? Èló ni òbí máa jẹ?
3. Máàkì mélòó ni ọmọ gbọ́dọ̀ ní kí sikọ́láṣíìpù náà má bàa bọ́?
4. Kíláàsì AP wo ni ilé-ìwé náà máa fi ṣe kírẹ́díìtì, máàkì 3 ni wọ́n ń gbà ni tàbí 4?
5. Nínú ọmọ tó wọlé síbẹ̀, mélòó ló ń jáde? College Scorecard ìjọba àpapọ̀ máa sọ fún yín.
6. Àwọn àbúrò tó ń bọ̀ lẹ́yìn ńkọ́?

Ẹ ka owó náà jáde fún ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sọ iye owó oṣù wa fún ọmọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 17 tí a fẹ́ kó fọwọ́ sí gbèsè $27,000 ti tó ẹni tó yẹ kó mọ ohun tó wà nínú àpò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọmọ mọ kọ̀ǹpútà àti ọ̀nà ilé-ìwé wọn jù wá lọ, àwa la mọ ohun tí gbèsè ń ṣe nínú ilé.

Ẹ yan alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù yìí, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ jọ jókòó ti ìwé funfun náà. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kàwé yọrí, kí wọ́n jáde lásìkò, kí a sì rí owó jẹun lọ́jọ́ alẹ́. Àṣẹ.